Àrán Inú Bẹ́ẹ̀lì

"Má fọwọ́ kàn án o," ni ìyá Lydia wí, bó ti ń wé gèlè níwájú dígí.

"Màmá, ẹ ti sọ ọ́ láàárọ̀, ẹ tún sọ ọ́ lọ́sàn-án. Ṣé etí mi di ni?"

"Màá tún sọ ọ́ tí mo bá dé. Mo mọ ẹ. Ojú ẹ kì í kúrò lára aṣọ."

Lydia rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń fi abẹ́rẹ́ so àgékù aṣọ jíìnsì pọ̀ mọ́ àgékù àǹkárá, òwú aláwọ̀ oríṣiríṣi sì fọ́n ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ìyá àti ọmọ ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà láàárín pálọ̀, ó gba gbogbo ibi tí ó yẹ kí èèyàn gbà kọjá. Bẹ́ẹ̀lì òkìrìkà ni, irú ẹrù tí àwọn ará Lomé ń pè ní abloni. Jákẹ́ẹ̀tì obìnrin ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n fi ọ̀rá funfun dì í, wọ́n sì fi okùn ike fún un pinpin. Florence Ṣóbọ̀wálé, ìyá Lydia, kì í gbé bẹ́ẹ̀lì wọlé. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Hédzranawoé ni wọ́n máa ń já a sí, ṣùgbọ́n òjò ti ba òrùlé ṣọ́ọ̀bù náà jẹ́, káfíńtà tó ṣèlérí pé òun ń bọ̀ kò sì tíì yọjú. Ìdí nìyẹn tí Romaric Ìgè, tó máa ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé ẹrù fún un láti èbúté, fi gbé èyí wá sílé wọn ní Amoutivé.

"Màmá Lydia, ẹ bá mi ṣọ́ ọ o," ni Romaric wí nígbà tó gbé e kalẹ̀, tó ń fi àkísà nu ọrùn. "Tí nǹkan bá ṣe é kó tó dé ọjà, èmi ni wọ́n máa bi."

Ó fi rẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Àwọn oníbàárà Màmá Lydia ti jọ dáwó ra bẹ́ẹ̀lì náà láìrí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ojú gbogbo wọn ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣí i, kí wọ́n wá máa yan ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìtẹ̀léra. Tí ẹnì kan bá ti kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́, tó sì ti ṣa èyí tó dáa jù nínú rẹ̀, olè ló ja gbogbo wọn. Nínú ọjà yẹn, àwọn tó ń tú bẹ́ẹ̀lì lábẹ́lẹ̀ kò kéré, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tíì sọ ọ́ nípa Màmá Lydia rí.

Lydia náà kì í ṣe ọmọ burúkú. Ẹ má tíì bínú sí i. Ẹ fún un ní sòkòtò tó ti ya, yóò fi ṣe báàgì. Ẹ fún un ní bọ́tìnnì tó já, yóò fi àǹkárá bò ó, yóò sọ ọ́ di yẹtí. Àwọn aṣọ tí oníbàárà kọ̀ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ló máa ń kó wálé, yóò fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, yóò sá wọn, yóò sì wá jókòó tì wọ́n bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọn wá kéde pé ẹni tó bá fi aṣọ àlòkù dá àrà tó dáa jù lọ́jọ́ ayẹyẹ yóò gba ẹ̀rọ ìránṣọ, gbogbo kíláàsì ló yíjú sí i. Ọwọ́ lásán ló fi ń rán gbogbo ohun tó ń rán. Ẹ̀rọ ìránṣọ! Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti lè jẹun kó má máa rò ó.

Nathalie, ọmọ Romaric, ni yóò bá a wọ aṣọ náà níwájú àwọn adájọ́. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, wọ́n jọ ń rìn débi pé àwọn olùkọ́ máa ń ṣi orúkọ wọn pè. Síkẹ́ẹ̀tì ti parí, búláòsì ti parí. Lọ́la ni Nathalie ń bọ̀ wá dán an wò, ayẹyẹ sì ni Sátidé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ síbi ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin, tí Lydia gbé aṣọ náà kọ́ sára ilẹ̀kùn, tó rìn sẹ́yìn wò ó, inú rẹ̀ kò dùn. Aṣọ náà dáa, kò kàn ní ohun tí yóò mú kí èèyàn dìde lórí ìjókòó ni.

Ó ń gbá àgékù aṣọ jọ ló bá rí i. Ọ̀rá ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀lì náà ti ya díẹ̀, bóyá ibi tí irin kẹ̀kẹ́ ti ha á. Ohun tó ń yọjú níbẹ̀ pọ́n yòò bí èso ìyeyè.

Lydia bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní kí òun kàn fi ìka kàn án ni. Àrán ni! Ojúlówó àrán, ó rọ̀ bí etí ológbò. Ó yọ ìka, ó dìde, ó lọ mu omi. Nígbà tó padà dé, sísọ́ọ̀sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní Lydia kò mọ ohun tó ń ṣe, ẹni náà kò mọ Lydia.

Ó la ọ̀rá náà síwájú díẹ̀, ó fà, ó fà, títí tí jákẹ́ẹ̀tì náà fi yọ. Wọ́n fi òwú kó òdòdó pupa àti ewé tútù sí i láyà. Ní gbogbo ọdún tó ti ń bá ìyá rẹ̀ ka aṣọ, kò tíì rí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó ti yọ ọ́ jìn wọnú. Ó wò yíká, ó sì mú tíṣẹ́ẹ̀tì kan láàárín àwọn àlòkù tó ti fọ̀, ó ká a, ó kì í bọ ihò náà títí tó fi kún. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹ̀yìn ti bẹ́ẹ̀lì, ó yí i kí ojú ibi tó ya lè kọ sílẹ̀.

"Ẹyọ kan ṣoṣo nínú gbogbo ìyẹn," ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Ta ló máa mọ̀?"

Kí ìyá rẹ̀ tó dé, ó ti gé apá jákẹ́ẹ̀tì náà kúrò, ó ti ń so apá jíìnsì mọ́ ọn. Kò lè dá a padà mọ́.

"Ṣé kò sí o?" ni ìyá rẹ̀ bi í lẹ́nu ọ̀nà.

"Kò sí, Màmá."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, Nathalie wọ aṣọ náà ní yàrá Lydia, ó sì yí po títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. "Mawu! Ọlọ́run o! Lydia, níbo lo ti rí àrán yìí?"

"Nínú àwọn tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ ni."

"Wọ́n kọ èyí sílẹ̀? Ṣé wọn ò ríran ni?" Nathalie fi ọwọ́ pa àrán náà. "Yà mí ní fọ́tò. Vite, kí oòrùn tó lọ."

Lydia fi fóònù Nathalie yà á. "Má gbé e síta o. Jẹ́ kó di ọ̀la."

"D'accord, mo ti gbọ́."

D'accord ti Nathalie, ẹ̀yin náà mọ irú rẹ̀. Kò tíì gbé aṣọ náà délé tó fi gbé fọ́tò náà sórí WhatsApp. Lydia rí i, ẹ̀rù bà á. Ó ti mú fóònù láti pè é pé kó pa á rẹ́ kíákíá. Ó wá rí ohun tí àwọn ọmọ kíláàsì ń kọ sábẹ́ rẹ̀: ta ló rán an, Lydia ni, Lydia ti gba ẹ̀rọ náà tán. Ó kà á, ó tún un kà. Kò pe Nathalie mọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, Romaric wá gbé bẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni Lydia jókòó sí láti di ẹrù náà mú, nítorí ó máa ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ tí kò bá sí ilé ẹ̀kọ́. Ìyá rẹ̀ ti gun ọ̀kadà, tí wọ́n ń pè ní zémidjan, ṣáájú.

"Nathalie ò sùn o," ni Romaric pariwo sókè kí ariwo ẹ́ńjìnnì má bo ohùn rẹ̀. "Ó ní òun ló máa gba ẹ̀rọ yẹn wá fún ẹ. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí èmi rí aṣọ náà, ó ní kí n dúró di ọ̀sán. O ṣeun o, ọmọ mi. Ọmọ tó ń ránṣọ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ láì gba nǹkan!"

Lydia di okùn bẹ́ẹ̀lì náà mú.

Àwọn oníbàárà ti pé níwájú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí wọ́n dé. Véronique ló máa ń ṣe olórí wọn, obìnrin Atakpamé kan tó ga, tó sì lẹ́nu. Ìlú kan náà ni òun àti Romaric ti wá. Màmá Lydia tẹ́ ẹní, Romaric já ẹrù lé e, wọ́n sì gbàdúrà kúkúrú. Màmá Lydia wá gbé ọ̀bẹ sókè kí gbogbo wọn lè rí i.

"Bó ṣe ti òkè òkun dé ló ṣe wà o. Ọwọ́ kankan ò kàn án."

"A gbà," ni wọ́n wí. Kò sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Okùn já. Bẹ́ẹ̀lì náà mí sókè, jákẹ́ẹ̀tì sì tú jáde. Véronique ló kàn láti kọ́kọ́ yan. Ó tọ ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, níbi tó gbà pé àwọn tó dáa máa ń fara pamọ́ sí, ó sì fa nǹkan jáde. Tíṣẹ́ẹ̀tì ni.

Àwọn obìnrin fi í rẹ́rìn-ín. "Orí ẹ ò bá ẹ ṣe é lónìí o, Véro!"

Ṣùgbọ́n Véronique kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé tíṣẹ́ẹ̀tì náà sí imú. Gbogbo ẹni tó ń ta abloni ló mọ òórùn tó máa ń bá bẹ́ẹ̀lì wá, òórùn bíi káńfọ̀ tó máa ń ta sí imú. Ó tún un gbóòórùn, ó nà án sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Èyí ti rí ọṣẹ," ó wí. "Ọṣẹ Lomé níbí."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Wọ́n yí ọ̀rá bẹ́ẹ̀lì náà wò, ojú sísọ́ọ̀sì sì hàn gbangba níbi tó ti gé e. Lydia fara pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

"Ẹnì kan ti tú u," ni Véronique wí. "Ó mú nǹkan, ó fi àkísà dí i."

"Látọ̀dọ̀ mi?" Màmá Lydia gbá àyà mú. "Láti ilé mi?"

"Màmá Lydia, a mọ̀ yín. Kì í ṣe ilé yín." Véronique yíjú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ síbi tí Romaric dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ta ló gbé e láti èbúté?"

"Moi?" ni Romaric wí. "Ẹ̀gbọ́n Véro, èmi?"

Obìnrin kan láàárín wọn ti yọ fóònù. "Ẹ dúró ná. Ẹ wá wo nǹkan tí ọmọ mi fi hàn mí lánàá. Ṣé kì í ṣe ọmọ ẹ nìyí?"

Fóònù náà ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nathalie ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, àrán náà ń dán lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó nílò àlàyé: jákẹ́ẹ̀tì wà nínú bẹ́ẹ̀lì, bàbá ọmọ yìí ló gbé bẹ́ẹ̀lì, ọmọ rẹ̀ wọ àrán tuntun lọ́jọ́ kejì. Kí Romaric tó la ẹnu, ẹnì kan ti yọ kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ti gbé fóònù súnmọ́ ẹnu, ó ń fi ohùn ránṣẹ́ ní èdè Mina sí àwọn ẹgbẹ́ ọjà pé kí wọ́n wo fọ́tò yìí, kí wọ́n ṣọ́ra fún Romaric oníkẹ̀kẹ́, olè ni.

Romaric wo fọ́tò náà, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ lójijì. Ó mí kanlẹ̀. "Ah, non. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Lydia ló rán an! Nathalie ní lára àwọn aṣọ tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ ni. Lydia, ọmọ mi, sọ fún wọn."

Ó yíjú sí i bí ẹni tó ti rí olùgbèjà. Gbogbo wọn yíjú sí i. Ìyá rẹ̀ náà yíjú sí i.

Ibi tó yẹ kó sọ ọ́ nìyẹn. Gbólóhùn kan péré ni ì bá fi parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Lydia rí ojú ìyá rẹ̀, ó rí ọ̀bẹ tó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìbẹ̀rù sì sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀.

"Èmi ni mo rán an," ó wí. "Ṣùgbọ́n Nathalie ló mú àrán náà wá."

Romaric kò pariwo. Ó kàn ń wo Lydia, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Bó bá ti bú u ni, ì bá sàn fún Lydia.

"Romaric!" Véronique fi ọwọ́ lu itan. "Ará ilé wa! Wọ́n á wá sọ pé bí gbogbo wa ṣe rí ní Atakpamé nìyẹn. Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn èèyàn báyìí?"

"Ẹ pe Nathalie," ni Romaric wí pẹ̀lẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é kó wá. Ọmọ mi ò lè ṣe é."

Wọ́n pè é. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan jákẹ́ẹ̀tì kankan ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń dúró. Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Lydia ń gbàdúrà pé kí zémidjan tó gbé Nathalie má dé, kí táyà rẹ̀ bẹ́, kí òjò rọ̀. Dípò gbogbo àdúrà yẹn, kó kàn la ẹnu ló kù, ṣùgbọ́n ẹnu náà ni kò là.

Nathalie dé, báàgì aṣọ náà wà ní èjìká rẹ̀, nítorí ó ti múra àtilọ síbi ayẹyẹ. Bàbá rẹ̀ kò jẹ́ kó kí ẹnikẹ́ni tán.

"Nathalie, ta ló fún ẹ ní àrán tó wà nínú fọ́tò yẹn?"

"Lydia ni." Ó wò yíká. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Lydia ní ìwọ lo mú un wá."

Nathalie rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Ó wá wo ojú Lydia, ẹ̀rín náà sì kú. "Irọ́ ni! Lydia, irọ́ ni! O ní wọ́n kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ni! Sọ fún wọn!"

"Má pariwo mọ́ ọn," ni Véronique wí. "Ọmọ Ṣóbọ̀wálé ni. Wọn kì í purọ́ nílé wọn."

Orúkọ rere ìyá Lydia ni wọ́n ń fi dí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu yẹn. Lydia gbọ́ ọ, ó sì yé e. Nathalie ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ lé e ní èjìká. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò jámọ́ nǹkan kan níbẹ̀.

Màmá Lydia wá bọ́ síwájú. Ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀ sórí ẹní.

"Bàbá Nathalie, ẹ ti gbé ẹrù fún mi pẹ́. Ó dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bí ọmọ yìí, mi ò gbọ́ irọ́ lẹ́nu ẹ̀ rí. Kí gbogbo yín lè mọ̀ pé ilé mi mọ́, mo fẹ́ búra." Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, sí ọ̀run. "Mo fi orúkọ Jésù tí mo ń kọrin fún..."

"Màmá, ẹ má búra!"

Igbe náà ya Lydia fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ó ti di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó ń fà á sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára.

"Ẹ má búra, Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni. Ọjọ́ tí ẹ lọ sí ìdánrawò ni mo gé e. Èmi ni mo kì tíṣẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́. Nathalie ò mọ̀. Tonton Romaric ò mọ nǹkan kan."

Màmá Lydia kò gbá a létí, bí gbogbo wọn ti rò pé yóò ṣe. Ó kúnlẹ̀ síwájú Romaric nínú iyẹ̀pẹ̀, tòun ti gèlè lórí.

"Non, Màmá, non. Ẹ dìde." Romaric ń gbìyànjú láti gbé e, omi ti lé sí òun náà lójú. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi."

Véronique gba kọ́kọ́rọ́, ó fi sí ọwọ́ Romaric láìwò ó lójú. Obìnrin tó fi ohùn ránṣẹ́ ń tẹ fóònù rẹ̀ kíkankíkan. "Mo ti pa á rẹ́," ó wí. "Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Ó ti dé èbúté."

Nathalie wá bọ́ síwájú. Ó yọ aṣọ náà nínú báàgì, síkẹ́ẹ̀tì, búláòsì, àrán àti gbogbo rẹ̀, ó kó wọn lé Lydia lọ́wọ́, ó sì jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀. Wọ́n lọ.

Ẹlòmíràn ló gba ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́jọ́ náà. Lydia kò dé ibẹ̀. Ilé ló wà, ìyá rẹ̀ sì jókòó sí òdìkejì tábìlì, kò tíì bọ́ aṣọ ọjà.

"Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orúkọ Ọlọ́run bo irọ́ ẹ," ni ìyá rẹ̀ wí nígbẹ̀yìn. "N ò tiẹ̀ mọ̀. Ṣé o rí ohun tí o fẹ́ sọ mí dà?"

"Mo máa gbé e sórí fóònù, Màmá. Mo máa kọ ọ́ pé èmi ni."

"Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́. Ibi tí fọ́tò yẹn rìn dé, ìwọ náà máa fi ẹsẹ̀ ẹ rìn débẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Láti ọjọ́ Ajé, tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Romaric ni Lydia ń gùn. Ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù ní Hédzranawoé, lẹ́yìn náà ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté, ó ń bọ́ sílẹ̀, ó ń kúnlẹ̀ kí wọn, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá, ní Mina, ní Faransé: "Èmi ni mo mú nǹkan nínú bẹ́ẹ̀lì. Mo purọ́ mọ́ Tonton Romaric. Kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀." Àwọn kan bú u. Àwọn kan gbàdúrà fún un. Àwọn kan kò tiẹ̀ tíì gbọ́, wọ́n wá ń béèrè pé fọ́tò wo, ọ̀rọ̀ náà sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ níwájú Romaric. Ìyẹn ló le jù.

Nathalie ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì. Lydia bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan lẹ́nu géètì.

"Mo ti gbọ́," ni Nathalie wí. "N ò bínú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Papa mi ní kí o sọ òótọ́, kì í ṣe ojú mi lo ti purọ́, ojú òun fúnra ẹ̀ ni." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n gbé àga àti bẹ́ẹ̀dì àlòkù lọ sí Légbassito, fún obìnrin kan tó ń kọ́lé tuntun níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé iṣẹ́ fún Romaric, òun náà sì wà lára àwọn tó rí fọ́tò. Lydia kúnlẹ̀, ó sọ tẹnu rẹ̀. Obìnrin náà tẹ́tí sí i títí ó fi parí, ó sì fà á dìde.

"Akpé, o ṣeun, ọmọ mi. O káre. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè sọ irú ẹ̀." Ó wo Romaric, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Papa Nathalie, ẹrù kan ṣì kù ní Hédzranawoé tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé."

Ọkàn Lydia fúyẹ́. Ó rò pé ó ti tán.

Obìnrin náà yíjú sínú ilé, ó pe àbúrò rẹ̀. "Wá bá kẹ̀kẹ́ yìí lọ. Jókòó ti ẹrù náà, má jẹ́ kó kúrò lójú ẹ títí ẹ máa fi dé."

Romaric gbọ́. Ó tẹ̀ síbi okùn tó ń ká, ó ń ká a lọ. Àbúrò obìnrin náà gòkè, ó jókòó síbi tí Lydia ti jókòó nígbà tí wọ́n ń bọ̀.

"Tonton," ni Lydia wí, "mo ti sọ fún un. Ẹ gbọ́ pé mo sọ fún un."

"O sọ ọ́," ni Romaric dáhùn. "Mo gbọ́. Òun náà gbọ́."

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, Lydia rò pé aṣọ kan lòun mú. Ti aṣọ rọrùn, ó bá àwọn oníbàárà ránṣọ lọ́fẹ̀ẹ́, ó fi dí i títí wọ́n fi ní ó tó. Irọ́ tó pa ni kò rí dí. Ẹni tó bá ṣe ohun tí kò dáa, kó jẹ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó ṣì jẹ́ òun nìkan ni yóò jìyà rẹ̀. Tó bá ti jẹ́ kó bọ́ sórí ẹlòmíràn, kò sí bó ṣe lè bẹ̀bẹ̀ tó tí yóò lè fọ orúkọ onítọ̀hún mọ́ tán, nítorí àwọn tó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà ṣì ń rántí irọ́ náà.

Lydia gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí wọ́n rán láti máa ṣọ́ Romaric. Ṣọ́ọ̀bù tí wọn kò tíì dé ṣì pọ̀ ní Hédzranawoé.